Ọkọ̀ Dà? Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òkun

Bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ wá kí mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Fáìlì onínáílọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Sátífíkéètì méje ló wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà sì wà lára gbogbo wọn. Bàbá ní àwọn ta ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú kí ìwé wọ̀nyí tó pé. Ó ní ẹni tó bá àwọn ṣe é ti sọ pé ọmọ náà ti di ẹ́ńjìníà ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ tí yóò gbé e ló kù. Wọ́n gbọ́ pé mo ti pẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá a.

Mo bi ọmọ náà pé, "Ọkọ̀ wo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá ló dáhùn: "Ọ̀gá, ó wà nínú ìwé." Lóòótọ́, ó wà nínú ìwé. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó sọ pé ọmọ yìí lo oṣù méjìlá nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan. Wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀gá ẹ́ńjìníà sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ọmọ tí mò ń wí yìí kò tíì wọ ọkọ̀ omi kankan rí ju èyí tó ń ná Ìkòròdú sí Èkó lọ.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò kékeré kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo ọkọ̀ òkun ńlá ló ní nọ́ńbà méje kan tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà IMO. Bí ọkọ̀ náà pa orúkọ dà, bí wọ́n tà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, nọ́ńbà yẹn kò ní yí padà títí wọn yóò fi tú u sí páǹtí. Ẹ mú nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́: ẹ fi 7 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, ẹ fi 6 sọ èkejì di púpọ̀, ẹ fi 5 sọ ẹ̀kẹta, ẹ máa bọ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé 2. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tó bá gbẹ̀yìn àròpọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà keje ọkọ̀ náà mu. Ọkọ̀ Dali, tí n ó padà sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, 9697428 ni nọ́ńbà rẹ̀. 63, 36, 45, 28, 12 àti 4: ẹ ro ó pọ̀, 188 ni. 8 ló gbẹ̀yìn, 8 náà ló sì gbẹ̀yìn nọ́ńbà ọkọ̀. Mo ṣe ti lẹ́tà ọmọ yìí, kò bọ́ sí i rárá. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà kàn to nọ́ńbà jọ bí ẹni ta lọ́tìrì ni. Gbájúẹ̀ tó bá lákíkanjú lè jí nọ́ńbà ọkọ̀ gidi kọ, nítorí náà bí ìṣirò bá bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Àmọ́ ọ̀lẹ pọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí tó ń wo iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ìbéèrè kan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá: ọkọ̀ dà?

Mo ní láti ṣàlàyé ìdí tí mo fi fi ìbéèrè náà ṣíwájú. Òfin àgbáyé tó de iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní STCW, ti wà láti 1978, wọ́n sì tún un ṣe gan-an ní Manila ní 2010. Ohun tó sọ yé ọmọdé. Ẹni tó fẹ́ máa dúró ṣọ́ ẹ́ńjìnnì gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́fà lórí omi, àfi bó bá gba ẹ̀kọ́ àkànṣe tí oṣù méjì ojú omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di ẹ́ńjìníà tí wọn yóò fi ẹ́ńjìnnì 750 kìlówáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, kó sì ní oṣù méjìlá, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti ojú òkun papọ̀, kí ó kéré tán oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ ìṣọ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ojú ọ̀gá ẹ́ńjìníà. Gbogbo ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọn yóò máa fọwọ́ sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yẹn, oṣù 36 ni yóò lò, 30 nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò. Ní Nàìjíríà, NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú omi, ló ń ṣe ìdánwò yẹn, òun náà ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ rí i pé oṣù ojú omi ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Àwa tó wà nínú iṣẹ́ ń pè é ní sí-táìmù. Àwọn kọ́ọ̀sì kéékèèké tí àwọn èèyàn ń fi ọjọ́ mélòó kan ṣe ní Apapa tàbí Fẹ́sítáàkì, ìyẹn ti bí èèyàn ṣe ń gba ara rẹ̀ là bí ọkọ̀ bá rì, bí wọ́n ṣe ń paná, ìtọ́jú ẹni tó fara pa, àti bí a ṣe ń gbé pọ̀ lórí ọkọ̀ láìṣe ara ẹni léṣe, ó dára, ó sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n kúùkù ọkọ̀ náà ń ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ́ọ̀sì yẹn ti sọ ọmọ yín di ẹ́ńjìníà ń tà yín ní ilẹ̀kùn láìsí ilé.

Nígbà tí Nàìjíríà ní ọkọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Nigerian National Shipping Line, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ní àwọn ọkọ̀ ńlá tí kádẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wa ń wọ̀ láti kọ́ṣẹ́. Àwọn àgbà kan ní Èkó ṣì máa ń dárúkọ àwọn ọkọ̀ yẹn bí ẹni ń ki oríkì. Ní 1995 wọ́n tú u ká. Iléèwé kò kú: èyí tó wà ní Oron, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ṣì ń kọ́ ọmọ, èyí tó wà ní Okerenkoko náà ti dé, àwọn mìíràn ń lọ sí ti Accra. Ní 2008 NIMASA bẹ̀rẹ̀ ètò NSDP, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ní Íjíbítì, Íńdíà, Philippines àti ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wálé pẹ̀lú ìwé, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò ti ṣe sí-táìmù. Ọmọ pọ̀, ọkọ̀ kò sí. Ibi tí nǹkan bá ti wọ́n báyìí ni gbájúẹ̀ máa ń pàgọ́ sí. Wọ́n ti sọ oṣù ojú omi di ọjà, bí ẹni ń ta ike omi lábẹ́ afárá.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ nípa owó, nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun, MLC 2006, tí Nàìjíríà náà ti tọwọ́ bọ̀ láti 2013, sọ ọ́ kedere: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ atukọ̀ kó tó wá iṣẹ́ fún un. Owó tó jẹ́ ti atukọ̀ fúnra rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ìwé àyẹ̀wò ara, ìwé atukọ̀ ti orílẹ̀-èdè rẹ̀, àti pásípọ́ọ̀tù. Owó físà pàápàá, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń san án. Nítorí náà bí éjẹ́ńtì bá ní owó fọ́ọ̀mù, owó ìbánisọ̀rọ̀, owó ọ̀gá ọkọ̀, owó físà, tàbí tó ní kí ẹ kọ́kọ́ gba físà ìgbafẹ́ lọ sí Dubai tàbí Turkey kí ọkọ̀ wá bá yín níbẹ̀, ẹ ti rí i. Kò sí ọkọ̀.

Wọ́n ti gbọ́n sí i o. Wọn kò sábà sọ pé owó iṣẹ́ ni mọ́, owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Wọn yóò ní ẹ̀kọ́ náà àti ọkọ̀ jọ wà nínú owó kan ṣoṣo. Iléèwé lè gba owó ẹ̀kọ́, ìyẹn kò burú. Kí ẹ tó san án, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NIMASA fúnra yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí iléèwé yẹn, àti pé fún kọ́ọ̀sì wo gan-an, torí iléèwé lè ní àṣẹ fún iná pípa kó má ní àṣẹ fún ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbára lé fọ́tò ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lẹ́yìn náà ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí wọ́n bá mú yín wọ yàrá tó ní AC, tábìlì àti àwòrán ẹ́ńjìnnì lára ògiri, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wà. Ẹ bèèrè ẹ̀rọ ìrẹ́rin, ẹ bèèrè póńpù tí ọmọ lè tú palẹ̀ kó tún tò ó padà. Kẹ́yìn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà fóònù ọmọ méjì tí wọ́n kọ́, tó wà lórí omi lónìí. Ẹni tó bá ní ọmọ lórí omi kì í fi í pamọ́.

Ó tún ku ohun kan tí mo rí tó dùn mí. Ọ̀dọ́bìnrin kan, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ mọ irin, parí ẹ̀kọ́ tán kó tó ṣe àyẹ̀wò ara àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Nísàlẹ̀ ọkọ̀, àwọ̀ lèdè: àwọ̀ páìpù ló ń sọ ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ wáyà ló ń sọ èyí tó lè pa ọ́. Ọdún mẹ́ta rẹ̀ ṣòfò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún iléèwé, kí dókítà tí NIMASA fọwọ́ sí wo ojú, etí àti àyà yín. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kò yẹ obìnrin. Ojú ló ṣẹ ọmọ yẹn, kì í ṣe pé ó jẹ́ obìnrin.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí a bá tiẹ̀ ra ìwé, ṣebí ọmọ yóò kọ́ ọ bó bá dé ọ̀hún." Bàbá ọmọ náà sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó jókòó dáadáa.

Yàrá ẹ́ńjìnnì gbóná ju yàrá tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ariwo rẹ̀ le débi pé ẹ lè lanu sétí ara yín kí ẹ má gbọ́ ohunkóhun. Ọwọ́ àti ojú la fi ń sọ̀rọ̀. Epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ń jó nípọn bí ọ̀dà títì, wọ́n gbọ́dọ̀ sè é kọjá ibi tí omi ti ń hó kó tó ṣeé fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì. Bí páìpù rẹ̀ bá jó, tí epo gbígbóná yẹn fọ́n sára irin tó gbóná, iná ti sọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí òfin fi ní kí wọ́n fi nǹkan bo gbogbo ibi tó bá gbóná ju 220 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọmọ tó mọṣẹ́, bó bá rí ìbòrí yẹn tó ṣí sílẹ̀ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kò ní jẹun kó tó dí i. Ọmọ oníwèé rírà yóò rò pé ẹnìkan ló gbàgbé aṣọ síbẹ̀.

Ẹ tún wo ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ̀pá ńlá tó ń yí wà. Bí bẹ́rìn kan bá gbóná jù níbẹ̀, ọ́ìlì yóò máa rú bí ìkúùkù, ìkúùkù yẹn sì lè bú gbàmù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1947, ọkọ̀ Reina del Pacifico ń padà bọ̀ sí Belfast lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ń dán an wò. Irin kan gbóná jù nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ikùn ẹ́ńjìnnì bú. Èèyàn 28 ló kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ilẹ̀kùn tó ń tú agbára síta sára ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn ìkúùkù náà. Bí aago rẹ̀ bá ké, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni pé kó ṣílẹ̀kùn kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ikú. Afẹ́fẹ́ tí ilẹ̀kùn bá gbà wọlé ni ìkúùkù gbígbóná ń retí. Ẹ ó dẹ ẹ́ńjìnnì náà, ẹ ó kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ ó dúró kó tutù. Irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá ní í fi ọwọ́ gbá ọ lórí kọ́ ọ, oru tí aago ké gan-an ni wàá mọ̀ bóyá o kọ́ ọ.

Nípa táńkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí bí kànga tàbí ṣáláńgá ṣe ń pa èèyàn ládùúgbò ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni kan wọlé, ó dákẹ́. Èkejì bẹ́ sí i láti gbé e, òun náà dákẹ́. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táńkì ọkọ̀ rí. Ìpẹtà nìkan lè jẹ ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ tán. Ọ́síjìn tó yẹ kí a mí sínú, 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ló ń pariwo. Bí aago gáàsì tí wọ́n fi ń paná bá sì ké nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, ẹ ju sípánà sílẹ̀ kí ẹ sáré. Gáàsì tó ń pa iná yẹn kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí iná.

Mo ṣèlérí Dali. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2024, ọkọ̀ náà ń jáde ní Baltimore ní Amẹ́ríkà lóru. Iná lọ nínú ọkọ̀, ó dé, ó tún lọ. Ọkọ̀ tí kò níná kò gbọ́ràn. Ó lọ kọ lu afárá Francis Scott Key, afárá wó, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún títì ṣe lórí rẹ̀ kú. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí Amẹ́ríkà tọpa rẹ̀, wáyà kan ni wọ́n bá, tí bébà orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò jẹ́ kó wọlé jinlẹ̀ tó. Wáyà kan o, nínú ọkọ̀ tó gùn ní nǹkan bí 300 mítà! Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kọ́ṣẹ́, ó sì bọ́ mọ́ wọn lójú. Mo bi bàbá yìí pé, ọmọ tí ìwọ fẹ́ fi ìwé rírà rán lọ ńkọ́? Kò dá mi lóhùn.

Fún ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ gidi, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má wọ ọkọ̀ láìsí ẹ̀dà ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ẹni tó ni ọkọ̀ jọ fọwọ́ sí, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ìsinmi yín kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí mẹ́wàá nínú 24, àti 77 láàárín ọjọ́ méje. Ọ̀gá tó bá ní kí ẹ kọ wákàtí irọ́ sínú ìwé ìsinmi ń kọ́ yín lólè. Bí wọn kò bá san owó oṣù yín fún oṣù méjì, òfin ti kà yín sí ẹni tí wọ́n pa tì, owó ìdúró tí ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti pèsè ni yóò gbé yín wálé, tí yóò sì san owó iṣẹ́ yín tó oṣù mẹ́rin. ITF, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà àgbáyé, ni kí ẹ ké sí, kí ẹ sì ti fi nọ́ńbà aṣojú wọn sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Kádẹ́ẹ̀tì, ní tìrẹ, má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá ẹ́ńjìníà ti fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ títí dé ojú ewé tó o parí sí. Mo mọ ẹni tó fi oṣù mẹ́rin ṣòfò nítorí ó ní òun yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá lẹ́yìn. Ọ̀gá ti lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sì gbé fóònù mọ́.

Owó ilẹ̀ Ìkòròdú kò padà. Éjẹ́ńtì náà ti pa nọ́ńbà dà, ọ́fíìsì rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ. Ọmọ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Apapa báyìí tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ afàǹkan ṣe. Ọdún kan ààbọ̀ ló lò lórí iṣẹ́ kéékèèké kí wọ́n tó jẹ́ kó tú orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ kékeré kan tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó pè mí lóru, ọ́ìlì kún gbogbo ohùn rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá tún bi mí lónìí, mo ti ní ọkọ̀ kan."

Mo ní kó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi.